Ọjọ́bọ̀ Tí A Ò Lọ sí Ifẹ̀

Oṣù mẹ́jọ gbáko ni mo fi gbé Tíṣà Múínátù,
Ọjọ́bọ̀ sí Ọjọ́bọ̀, láti Òkè-Báálẹ̀ dé Ifẹ̀,
nígbà tí jẹjẹrẹ wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.
Kò sí kòtò tí mi ò mọ̀ láàárín Ẹdẹ àti Ṣẹ̀kọ̀nà:
ibi tí mo ti gbọdọ̀ rọra,
ibi tí mo ti gbọdọ̀ yà sínú koríko
kí apá tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́ má baà kọlu ilẹ̀kùn.
Tó bá fẹ́ bì, á fọwọ́ kan èjìká mi lẹ́ẹ̀kan.
Ike kan wà lábẹ́ àga fún un. Ike ọ̀dà ni. Mo fọ̀ ọ́ títí.

"Ẹ̀jẹ̀ yín ti mọ́," ni dókítà wí nínú oṣù Ẹ̀bìbí.
"Ẹ máa lọ ilé. Ó di oṣù mẹ́ta."
A hó yèè nínú mọ́tò.
Àbúrò rẹ̀ fún mi níṣu mẹ́fà.
Bí ọpẹ́ ṣe ń wọlé ni àlejò ń jáde:
àwọn tó ń gbé ọsàn wá nígbà tí oògùn ń kán sí i lára
ò rántí ọ̀nà ilé náà mọ́.
Ṣebí ó ti yá? Kí ni wọ́n tún ń wá?
Tọ́láwọ́ ọmọ rẹ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́ ní Kàdúná.
Èmi náà, kí n má purọ́,
mo ta Ọjọ́bọ̀ mi fún oníṣòwò ẹyin kan ní Ìkìrun.

Ọ̀sẹ̀ kẹta, mo ń bọ̀ láti Ọláìyá,
ọwọ́ mi ló yà, kì í ṣe èmi.
Mo bá a lórí àtẹ̀gùn iwájú ilé.
Ó ti wọ bàtà.
Ó gbé báàgì ìwé àyẹ̀wò lé itan.
Aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àkókò wa gan-an.
Mo ní, "Tíṣà, ibo là ń lọ?"
Ó ní, "Kò síbì kankan, Bàbá Ṣúkúrà.
Ẹsẹ̀ mi ni ò tíì gbọ́."

Mo ṣílẹ̀kùn iwájú fún un.
Ẹ̀yìn ló máa ń wà tẹ́lẹ̀, níbi tí èèyàn ti lè dùbúlẹ̀.
A yí ráńdábáòtù Òkè-Fìà po lẹ́ẹ̀mejì
torí mi ò mọ ibi tí mò ń lọ.

Ó ní ẹ̀fọn jẹ òun lóru àná, òun ò sùn;
òun tan tọ́ọ̀ṣì sójú ibẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́,
bóyá àmì pupa yẹn á di méjì.
Ó ní àtẹ̀gùn mẹ́rin péré, òun á máa mí hẹlẹ.
"Wọ́n ní irun mi ti hù. Wọ́n ní kí n ṣe ìdúpẹ́.
Mo ti ṣe é.
Nígbà tí ogun wà lójúde, gbogbo ilé ló dìde.
Ó ti lọ báyìí, tàbí ó sá pamọ́.
Ta ló máa bá mi ṣọ́ ilẹ̀kùn?"

Mo fẹ́ sọ pé Ọlọ́run ń bẹ.
Òun ló kọ́ Ṣúkúrà bí wọ́n ṣe ń kọ "Ọlọ́run" sílẹ̀.
Mo yí jíà.

Lẹ́bàá afárá, a ra àgbàdo sísun.
Ó jẹ ẹsẹ méjì, ó gbé ìyókù fún mi.
Omi Ọ̀ṣun pọ́n bíi tíì tí wọn ò sẹ́.
Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀, ó sì dùn mọ́ni.

Mo ti gba Ọjọ́bọ̀ mi padà lọ́wọ́ ẹlẹ́yin.
Ìyàwó mi ń bá a pọn omi; kò bi í pé báwo lara.
Mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà mi sára ògiri yàrá rẹ̀, gàdàgbà:
BÍ ARA BÁ GBÓNÁ LÓRU, PÈ MÍ. MÁ RO OWÓ EPO.
Ó fi ṣọ́ọ̀kì tún àmì ohùn kan ṣe. Tíṣà ni.

Lọ́la loṣù mẹ́ta pé. Ifẹ̀ là ń lọ lóòótọ́.
Mi ò mọ ohun tí ẹ̀jẹ̀ máa sọ.
Mo ti wo táyà. Mo ti fọ ike ọ̀dà yẹn,
mo fi í sábẹ́ àga,
kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni ní a máa lò ó.